Ètè Fèrèsé Mẹ́rin

Òkúta mẹ́rin dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀,
a fi kúbùsù wé wọn bí ọmọ tuntun
nínú ọkọ̀ Kaljo tí òórùn ẹja kún.
Àwọ̀ eérú ni wọ́n, eérú tí wàrà kán sí.
Inú ilẹ̀ Saaremaa níbí ni wọ́n ti gé wọn,
níbi tí òkun sùn sí rí kó tó jí lọ.
Fi ìka rá a, wàá kan ihò ìkarahun wẹẹrẹ.

Kaljo ní, "Hilje, báwo la ṣe máa tẹ́ wọn?"
Mo rò pé ìbéèrè kékeré ni:
òkúta rèé, ògiri rèé, ó parí.
Ó rẹ́rìn-ín, ó dojú garawa dé, ó jókòó lé e.
Ẹni tó bá kánjú tẹ́ òkúta, ó ní,
yóò fara balẹ̀ tú u.

Ṣé ká gbẹ́ ògiri lọ́tùn-ún lósì
kí òkúta kọwọ́ bọ̀ ọ́ bí ẹni tó ń wẹ̀wù,
àbí ká gé e kó ṣe rẹ́gí láàrin,
ká wá fi ọ̀dà funfun purọ́ fún àlàfo?
Ṣé ká rẹ́ ògiri kó tó wọlé ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?
Ṣé sìmẹ́ńtì ni, àbí fóòmù inú agolo
tó ń wú bí ìyẹ̀fun tí a gbàgbé sẹ́bàá iná?
Báwo ló ṣe máa yọ sí iyàrá tó?
Bó bá yọ jù, á bo irin tó ń mú ilé gbóná,
ooru ò ní dé ojú gíláàsì,
gíláàsì á sì máa sunkún láti Oṣù Kọkànlá
títí yìnyín á fi yọ́.
Bó bá kúrú jù, níbo ni ológbò máa sùn?

Ètè fèrèsé ni mo rà.
N kò mọ̀ pé ète ló kù.

Taavet, ọmọ mi, pè láti Tallinn:
"Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, Ìyá. Ọjọ́ kan péré.
Ayé ti kúrò níbi tẹ́ ẹ wà."
Mo ní ayé kúrò lóòótọ́, òtútù kò kúrò.

Fèrèsé ilé ìdáná ni Kaljo kọ́kọ́ tú.
Ó ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò: àwọ̀ ewé, àwọ̀ búráùn,
àwọ̀ búlúù kan tí mo fi ojú ọmọdé rántí.
Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, òkúta eérú kan náà,
ihò sì wà lápá òsì rẹ̀, ó jìn tó àwo kékeré.
Igunpá ìyá mi.
Àwọn ará abúlé máa ń ní ó ń retí ọkọ rẹ̀ látojú òkun.
Irọ́. Bàbá mi wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí àga, ó ń hanrun.
Ó kàn fẹ́ràn àti máa wo òjò ni.

Kaljo gbé ẹyin kan lé òkúta náà.
Ẹyin ọ̀hún rora yí bọ̀ lọ́dọ̀ wa
bí arúgbó tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.
Ẹni tó tẹ́ ẹ ti dà á díẹ̀ sí iyàrá,
díẹ̀ bí ìbú okùn bàtà,
kí omi má bàa dúró ti igi fèrèsé.
Igi ọ̀hún kò tíì jẹrà.
Ó gbẹ́ ògiri lọ́tùn-ún lósì,
ó sì fi èèpá igi júnípà há a nísàlẹ̀.
Nígbà tí Kaljo fà á yọ, ó ṣì ń ta sánsán.

Kaljo kò béèrè mọ́. Èmi náà kò dáhùn.
Ọjọ́ mẹ́ta la fi tẹ́ mẹ́ta, bí ti àtijọ́,
pẹ̀lú ẹyin, àti ariwo ìwo, àti eruku nínú ọbẹ̀.
Èyí àtijọ́ padà síbi tó wà.
Òkúta kẹrin tuntun wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀;
ẹsẹ̀ ni yóò gbẹ́ òun.

Lálẹ́ àná, òjò dé.
Mo jókòó, mo fi igunpá sínú ihò náà.
Kò bá mi mu. Ìyá mi ga jù mí lọ.
Mo gbé ife tíì mi síbẹ̀.